Eric Bieniemy: Kí ló dé tí ẹni tó gba ife Super Bowl 2 kò fi di olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá?

Lọ́dọọdún, bí sáà NFL, ìyẹn líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, bá ti ń kógbá sílé ní oṣù Kìíní, ni wọ́n máa ń lé àwọn olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá kan lẹ́nu iṣẹ́. Ẹgbẹ́ 32 ló wà nínú líìgì ọ̀hún, àwọn tó ń wá olórí tuntun lọ́dún kan sì sábà máa ń tó márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 2019 títí wọ 2023, orúkọ kan kì í gbẹ́yìn nínú àwọn tí wọ́n ń pè fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Eric Bieniemy ni orúkọ náà. Ẹgbẹ́ tó pè é jókòó, tó bi í léèrè ohun tó máa ṣe bí wọ́n bá fún un níṣẹ́, ju mẹ́wàá lọ. Kò sí èyí tó gbà á.

Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti ẹnì kan. Bí àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀ lórí ìdí tí àwọn aláwọ̀ dúdú fi kéré láàrin àwọn olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá NFL, nígbà tó jẹ́ pé wọ́n ju ìdajì lọ nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù, Bieniemy ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń tọ́ka sí. Ó yẹ bẹ́ẹ̀ lójú tèmi. Àmọ́ àwọ̀ ara rẹ̀ nìkan kọ́ ni mo rí nínú ìtàn rẹ̀. Ipò tó wà nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù náà dá sí i. Running back ni, ìdí iṣẹ́ running back yìí gan-an sì ni NFL ti ń kó àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá aláwọ̀ dúdú jọ sí láti ọjọ́ pípẹ́, láì la ọ̀nà tó máa gbà wọ́n jáde lọ sókè.

Iṣẹ́ running back

Fún ẹni tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ eré yìí: kì í ṣe bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá. Ènìyàn 11 ló ń dojú kọ 11. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní àǹfààní ẹ̀ẹ̀mẹrin láti sún un síwájú ní yáàdì 10. Bí wọ́n bá ṣe é, wọ́n tún gba àǹfààní mẹ́rin míì. Quarterback ni ọ̀gá ìkọlù. Ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo eré ti ń bẹ̀rẹ̀, òun ló máa ju bọ́ọ̀lù náà tàbí kó gbé e lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Ẹni tó sì máa ń gbé e lé lọ́wọ́ jù ni running back, tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn rẹ̀. Òun ló máa gbá bọ́ọ̀lù mọ́ra, tó máa fi orí wọ àárín àwọn ọkùnrin tí àwọn míì nínú wọn wúwo ju kìlógíráàmù 140 lọ, tó sì máa sáré títí wọ́n á fi fà á lulẹ̀. Bó bá gbé e wọ òpin pápá lọ́hùn-ún, touchdown nìyẹn, ó ti gba àmì 6 fún ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹni tó bá ń wòran á rò pé agbára àti eré sísá nìkan ni. Ẹ wá wo ohun tí akọ́nimọ̀ọ́gbá running back ń fi ojoojúmọ́ kọ́ wọn. Bí wọ́n ṣe máa di bọ́ọ̀lù mú nìkan jẹ́ ẹ̀kọ́ tí kì í tán: ìka ọwọ́ á bo ṣóńṣó bọ́ọ̀lù náà, àtẹ́lẹwọ́ á gbá a mú, apá á dì í sí ẹ̀gbẹ́, iṣan apá òkè á tẹ̀ ẹ́, igbá àyà á gbà á. Bí ọ̀kan nínú márààrún bá tú, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á fi ẹ̀ṣẹ́ lu bọ́ọ̀lù náà bọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀kọ́ tó le jù, èyí tí àwọn ará ìta kì í rí: dídáàbò bo quarterback. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá máa di jíjù, running back gbọ́dọ̀ fi ojú wo gbogbo àwọn tó dúró lódìkejì, kó mọ èyí tó ń purọ́ àti èyí tó ń bọ̀ lóòótọ́, kó bẹ̀rẹ̀ láti àárín wá sí ẹ̀gbẹ́, kó sì fi àyà gba ẹni tó bá já wọlé. Kò tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta tí gbogbo rẹ̀ fi ń parí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó lè sáré bí ẹfúùfù ṣùgbọ́n tí kò mọ èyí á jókòó lórí àga.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé àwọn kan ń sọ ọ́ bí ẹni pé iṣẹ́ orí ni ti quarterback, iṣẹ́ ara ni ti running back. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìrònú yìí ló ń pinnu ẹni tí wọ́n ń pè ní ọlọ́gbọ́n nígbà tí gbogbo wọn bá ti fi bàtà kọ́.

Láti Boulder dé Philadelphia

New Orleans ni wọ́n bí Bieniemy sí ní 1969, ṣùgbọ́n California ló ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama, ní Bishop Amat, ìlú La Puente. Kò ga. Ó wọ Yunifásítì Colorado ní Boulder ní 1987, lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Bill McCartney, nígbà tí ẹgbẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí. Ní 1990, ọdún tó lò kẹ́yìn níbẹ̀, ó gbé bọ́ọ̀lù sáré fún yáàdì 1,628, ó gba touchdown 17, ó sì ṣe ipò kẹta nínú ìdíje Heisman, àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tó dára jù. Ní ọjọ́ Ọdún Tuntun 1991, Colorado na Notre Dame ní Orange Bowl, 10 sí 9. Touchdown kan ṣoṣo tí Colorado rí lọ́jọ́ náà, ọwọ́ Bieniemy ló ti wá. Wọ́n gbé oyè àwọn ẹgbẹ́ yunifásítì Amẹ́ríkà fún Colorado pẹ̀lú Georgia Tech lọ́dún yẹn. Àpapọ̀ yáàdì tó sá fún ilé ẹ̀kọ́ náà jẹ́ 3,940.

San Diego Chargers mú un ní ìpele kejì ìgbanisíṣẹ́ ọdún 1991, ìyẹn ètò tí àwọn ẹgbẹ́ NFL fi ń mú àwọn agbábọ́ọ̀lù yunifásítì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún. Ó lo ọdún 9 ní NFL: mẹ́rin ní San Diego, mẹ́rin ní Cincinnati, ọ̀kan ní Philadelphia. Ní gbogbo ọdún 9 ọ̀hún, yáàdì tó fi ẹsẹ̀ sá jẹ́ 1,589. Ẹ fi wé ohun tó ṣe ní ọdún kan ṣoṣo ní Boulder. Ó wà nínú ẹgbẹ́ Chargers tó dé Super Bowl, ìyẹn àṣekágbá NFL, ní oṣù Kìíní 1995, tí San Francisco fi àmì 49 sí 26 nà wọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìràwọ̀ wọn. Ẹni tí wọ́n ń gbé wọlé fún iṣẹ́ pàtó ni: kó gba bọ́ọ̀lù nígbà tó bá le, kó dáàbò bo quarterback, kó sáré nígbà tí ọ̀tá bá ta bọ́ọ̀lù wá. Irú agbábọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ ni mo gbà pé ó máa ń di akọ́nimọ̀ọ́gbá tó dára, nítorí orí ni wọ́n fi ń pa iṣẹ́ mọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ ìràwọ̀ kò sí lára wọn.

Philadelphia Eagles ọdún 1999 ni kí ẹ fi ọkàn sí. Ọdún àkọ́kọ́ Andy Reid gẹ́gẹ́ bí olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá nìyẹn. Nínú yàrá ìmúra kan náà, ọkùnrin mẹ́ta wà níbẹ̀ tí wọ́n á padà di akọ́nimọ̀ọ́gbá. Doug Pederson ni quarterback, aláwọ̀ funfun. Duce Staley ni running back àgbà, tó sá ju yáàdì 1,000 lọ lọ́dún yẹn. Bieniemy ni running back tó ń ràn án lọ́wọ́. Àwọn méjì tó kẹ́yìn jẹ́ aláwọ̀ dúdú.

Pederson kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Louisiana ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ọdún 2009 ni Reid mú un padà wọ NFL. Ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá quarterback ní 2011, ó bá Reid lọ sí Kansas City ní 2013 láti máa darí ìkọlù Chiefs, nígbà tó sì di 2016 Eagles ti fi í ṣe olórí. Ọdún 7 péré láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ó sì ṣe é yanjú: ọdún kejì rẹ̀ ló gba Super Bowl. N kò ní ọ̀rọ̀ burúkú kan láti sọ nípa rẹ̀.

Bieniemy wọ NFL gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá ní 2006, ọdún mẹ́ta ṣáájú Pederson.

Yàrá tí ọ̀nà rẹ̀ kò jáde

Ẹgbẹ́ NFL kọ̀ọ̀kan ń pín àwọn agbábọ́ọ̀lù sí yàrá ìpàdé gẹ́gẹ́ bí ipò wọn. Nínú yàrá quarterback ni wọ́n ti ń jíròrò gbogbo ètò ìkọlù. Olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá fúnra rẹ̀ máa ń wà níbẹ̀, ẹni tó ń darí ìkọlù máa ń wà níbẹ̀, akọ́nimọ̀ọ́gbá quarterback sì jókòó sáàárín wọn ní ojoojúmọ́. Bó bá di pé ọ̀gá ń wá igbákejì, ẹni tó ti ń bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ ni ojú rẹ̀ máa kọ́kọ́ lọ bá. Yàrá running back wà ní tiẹ̀. Ìṣòro àárín yàrá yẹn ni wọ́n ń yanjú níbẹ̀.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá quarterback ní NFL jẹ́ aláwọ̀ funfun, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má ku ẹnì kan. Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá running back, aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú wọn. Ìtàn rẹ̀ jìn. Nígbà tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń padà wọ líìgì náà lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, wọn kì í jẹ́ kí wọ́n ṣe quarterback. Bí ọmọ kan bá jẹ́ quarterback ní yunifásítì, wọ́n á ní kó lọ máa sáré tàbí kó lọ máa gba bọ́ọ̀lù. Ìran kan kọjá, àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù fẹ̀yìn tì, wọ́n di akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ipò tí wọ́n ti mọ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ìpín tí wọ́n fi èrú ṣe lórí pápá ṣí lọ sí ọ́fíìsì.

Bieniemy tọ ọ̀nà yìí ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó padà sí Colorado, ó parí ìwé rẹ̀, ó sì kọ́ àwọn running back ibẹ̀ ní 2001 àti 2002. Ó lọ sí UCLA, níbi tí Maurice Jones-Drew, tó padà di ìràwọ̀ running back ní NFL, ti wà lábẹ́ rẹ̀. Ní 2006 ó dé Minnesota Vikings. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Adrian Peterson wọlé, nígbà tó sì di oṣù Kọkànlá 2007, Peterson sá yáàdì 296 nínú eré kan ṣoṣo, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe rí nínú ìtàn NFL. Ọdún 5 ni Bieniemy lò níbẹ̀. Ó padà sí Colorado fún ọdún méjì láti darí ìkọlù ẹgbẹ́ tí kò lágbára. Lẹ́yìn náà ni Reid pè é sí Kansas City ní 2013, ọdún kan náà tí Pederson dé ibẹ̀. Pederson ń darí ìkọlù. Bieniemy tún padà sí yàrá running back.

Nígbà tí Pederson lọ, Matt Nagy, akọ́nimọ̀ọ́gbá quarterback, ló bọ́ sí àga náà. Ó lo ọdún méjì níbẹ̀, àkọ́kọ́ pẹ̀lú ẹlòmíì, kí Chicago Bears tó wá fi í ṣe olórí ní 2018. Ìgbà náà ló wá kan Bieniemy.

Ọdún 5 ní Kansas City

Ohun tí Chiefs ṣe láti 2018 sí 2022 kò ṣeé fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Patrick Mahomes, ní ọdún àkọ́kọ́ tó di quarterback àgbà, ju touchdown 50 àti yáàdì 5,097. Nínú ọdún márààrún, kò sí èyí tí wọn kò dé àṣekágbá AFC, ọ̀kan nínú ẹkùn méjì tí NFL pín sí. Wọ́n dé Super Bowl 3, wọ́n gba 2.

Ẹ jẹ́ kí n mú ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú àkọ́kọ́ wá. Ọjọ́ kejì oṣù Kejì 2020 ni, ní ẹkùn Miami. San Francisco 49ers ń fi àmì 20 sí 10 ṣíwájú, ó ku bí ìṣẹ́jú 7 kí eré parí. Àǹfààní ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni, yáàdì 15 ni Chiefs sì nílò. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi há Mahomes láṣọ gbọ́ bó ṣe bi Bieniemy léèrè bóyá àyè á wà fún wọn láti ṣe Wasp. Orúkọ ètò kan ni. Ohun tó ń bèèrè ni pé, ṣé àwọn tó ń dáàbò bo òun á lè dá ọ̀tá dúró pẹ́ tó kí Tyreek Hill tó sá dé ibi tó jìn? Ìbéèrè tí running back ti ń gbé lórí láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn, ta ló ń bọ̀, báwo la ṣe máa dá a dúró. Wọ́n ṣe é. Mahomes fà sẹ́yìn gan-an, ó ju bọ́ọ̀lù náà lọ sókè, Hill gbà á ní yáàdì 44. Ìgbà tí aago fi máa kú, Chiefs ti borí, 31 sí 20. Damien Williams, running back tí ẹgbẹ́ kankan kò mú nígbà ìgbanisíṣẹ́ ọdún 2014, sá yáàdì 104 lọ́jọ́ yẹn, ó sì gba touchdown 2.

Lẹ́yìn èyí, gbogbo ènìyàn rò pé ó ti parí. Kò parí. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, koko ló ń le sí i. Ẹgbẹ́ márùn-ún ti wá olórí ní oṣù Kìíní ọdún yẹn, kí eré náà tó wáyé, méje míì tún wá a ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Bieniemy kò rí ọ̀kan gbà nínú wọn.

Àwọn àlàyé wo ni wọ́n ń ṣe? Àkọ́kọ́ ni pé Reid fúnra rẹ̀ ló ń pe ètò eré, pé kò sẹ́ni tó mọ ohun tí Bieniemy lè dá ṣe. Òótọ́ ni pé Reid ló ń pè é jù. Ṣùgbọ́n Reid yìí kan náà ló wà lókè Pederson, òun náà ló wà lókè Nagy títí di apá ìparí sáà 2017 tó gbé e lé e lọ́wọ́. Kò dí ọ̀nà àwọn méjèèjì. Reid kò sì dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ Bieniemy. Léraléra ló sọ fún àwọn oníròyìn pé ó yẹ kí ó ti di olórí.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá tó ṣẹlẹ̀ sí i nígbà èwe rẹ̀, láti ìparí àwọn ọdún 1980 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000. Èyí wúwo, n kò ní pa á mọ́. Ẹni tó fẹ́ gbé ilé iṣẹ́ olówó iyebíye lé ènìyàn lọ́wọ́ ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè. Àmọ́ àwọn ẹgbẹ́ tó pè é mọ gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó pè é. Bó bá jẹ́ pé ìyẹn ni wàhálà, kí ni wọ́n ń pè é wá jókòó fún?

Ẹ̀kẹta ni pé kì í ṣe dáadáa nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Àwọn tó ń sọ èyí kì í fẹ́ kí wọ́n dárúkọ àwọn. Bí ọ̀rọ̀ kò bá ní olúwa, ó ṣòro láti dá a lóhùn, ìyẹn gan-an ló sì fi ń ṣe ìpalára.

Òfin Rooney àti ẹjọ́ Flores

Ìtàn yìí dàgbà ju Bieniemy lọ. Ẹni àkọ́kọ́ tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú tó di olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá nínú líìgì tó padà di NFL, running back ni òun náà. Fritz Pollard ló ń jẹ́. Ó wà nínú Akron Pros tó gba oyè àkọ́kọ́ ní 1920. Ní 1921 ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún wọn, ó sì tún ń kọ́ wọn. Láti 1934 dé 1945, àwọn tó ni ẹgbẹ́ ti ìlẹ̀kùn mọ́ gbogbo aláwọ̀ dúdú pátápátá. Lẹ́yìn Pollard, ó lé ní ọgọ́ta ọdún kí ẹlòmíì tó dé ipò náà: Art Shell, ní Raiders, 1989.

Ní 2002, wọ́n lé Tony Dungy ní Tampa Bay àti Dennis Green ní Minnesota, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì ti ń ṣe dáadáa. Àwọn agbẹjọ́rò Johnnie Cochran àti Cyrus Mehri gbé ìròyìn kan jáde tó fi hàn pé wọ́n máa ń gba àwọn aláwọ̀ dúdú kẹ́yìn, wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ lé wọn. Láti ibẹ̀ ni Òfin Rooney ti jáde ní 2003, tí wọ́n fi sọrí Dan Rooney tó ni Pittsburgh Steelers: ẹgbẹ́ tó bá ń wá olórí gbọ́dọ̀ pe ẹnì kan, ó kéré tán, tó wá láti inú àwọn ẹ̀yà tó kéré. Ó so èso díẹ̀. Ní oṣù Kejì 2007, Dungy àti Lovie Smith, aláwọ̀ dúdú méjèèjì, ló pàdé ní Super Bowl. Wọ́n fi kún òfin náà ní 2020, ó di ènìyàn méjì láti ìta.

Àmọ́ òfin tó ní kí o pe ènìyàn kò lè ní kí o fetí sí i. Ohun tí Brian Flores sọ nílé ẹjọ́ nìyẹn. Aláwọ̀ dúdú ni, Miami Dolphins sì lé e kúrò nípò olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá ní oṣù Kìíní 2022 lẹ́yìn tó ti ní ọdún méjì léra tí ìborí rẹ̀ pọ̀ ju ìfìdírẹmi lọ. Ó pe NFL àti àwọn ẹgbẹ́ kan lẹ́jọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì. Nínú ìwé ẹjọ́ náà ni ó ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ Bill Belichick, olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá New England Patriots nígbà náà, hàn, tó ń kí i kú oríire fún iṣẹ́ New York Giants, ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú kí Flores tó lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ náà gan-an. Brian Daboll, ẹni tí Giants padà gbà, ni Belichick fẹ́ kí, ó ṣi ẹni tó fi ránṣẹ́ sí. Giants ní àwọn kò tíì pinnu nígbà yẹn. Lọ́jọ́ tí Flores pẹjọ́, Mike Tomlin ti Pittsburgh nìkan ni olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá aláwọ̀ dúdú tó kù ní NFL. Nígbà tí Òfin Rooney bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ni wọ́n. NFL fẹ́ kí wọ́n yanjú ọ̀rọ̀ náà lọ́dọ̀ kọmíṣánnà líìgì, ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹjọ 2025 ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní New York fara mọ́ Flores pé ilé ẹjọ́ ni kó ti máa bá NFL àti àwọn ẹgbẹ́ kan nínú wọn rojọ́.

Nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn tí ẹjọ́ náà bẹ̀rẹ̀, NFL ṣe òfin míì tí àwọn ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀: ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba obìnrin kan tàbí ẹnì kan láti inú ẹ̀yà tó kéré sí ìdí ìkọlù, ẹni tó máa ṣiṣẹ́ pẹ̀kípẹ̀kí pẹ̀lú olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ní tèmi, èyí ṣe pàtàkì ju Òfin Rooney lọ. Líìgì náà fúnra rẹ̀ ló gbà pé yàrá tí ènìyàn jókòó sí ló ń pinnu ibi tó máa dé.

Washington àti lẹ́yìn rẹ̀

Ní 2023, lẹ́yìn tí Chiefs na Eagles ní Super Bowl, 38 sí 35, Bieniemy kúrò níbẹ̀. Ó lọ sí Washington Commanders lábẹ́ Ron Rivera, kí ó lè máa pe ètò eré fúnra rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Bí wọ́n bá ní Reid ló ń ṣe é, ó dára, òun náà á ṣe é.

Kò bọ́ sí i. Rivera sọ nínú oṣù Kẹjọ pé àwọn agbábọ́ọ̀lù kan ń kọminú lórí bó ṣe ń le mọ́ wọn. Sam Howell, quarterback tí kò tíì ní ìrírí, ni wọ́n gbé ẹrù lé. Kò sẹ́ni tó ju bọ́ọ̀lù lọ́pọ̀ ìgbà tó o lọ́dún yẹn ní NFL, wọ́n sì fà á lulẹ̀ nígbà 65, ó ju bọ́ọ̀lù 21 sọ́wọ́ ọ̀tá. Ẹgbẹ́ náà borí eré 4, wọ́n pàdánù 13. Ó yẹ kí Bieniemy gba ìpín tiẹ̀ nínú ẹ̀bi náà: ó yẹ kí running back àtijọ́ mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n sáré kí ọmọ náà lè mí. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó dà rú látòkè délẹ̀ ni, wọ́n ti tà á fún olówó mìíràn nínú ọdún yẹn kan náà, wọ́n sì lé Rivera pẹ̀lú. Nagy ní àkókò tí kò dára ní Chicago, wọ́n lé e, ó padà sí Kansas City, ní 2023 wọ́n tún fún un ní àga tí Bieniemy fi sílẹ̀. Mi ò rí irú ìtẹ́wọ́gbà bẹ́ẹ̀ fún Staley, tàbí fún Anthony Lynn.

Anthony Lynn ni running back aláwọ̀ dúdú tó dé òkè ní ìgbà tiwa. Ó darí Chargers láti 2017 sí 2020, ó borí 33, ó pàdánù 31. Lẹ́yìn ọdún kan ní Detroit, àwọn running back ló tún padà ń kọ́, ní San Francisco àti ní Washington. Staley ní tirẹ̀ wà ní Philadelphia fún ọ̀pọ̀ ọdún. Jay Ajayi, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí London, wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà tí Eagles gba Super Bowl ní oṣù Kejì 2018. Wọ́n pe Staley fún iṣẹ́ olùdarí ìkọlù lẹ́yìn ìborí yẹn, ẹlòmíì ni wọ́n fún. Wọ́n pè é fún iṣẹ́ olórí ní 2021, wọ́n gba Nick Sirianni. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ sí Detroit láti kọ́ àwọn running back.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ọmọ tiwa tó wà lókè òkun. Eékún Ajayi bàjẹ́ ní oṣù Kẹwàá 2018, eré rẹ̀ ní NFL sì parí ní 2019, kò ju ẹni ọdún 26 lọ. Dare Ogunbowale, tí bàbá rẹ̀ wá láti Nàìjíríà, wọ NFL láìjẹ́ pé ẹgbẹ́ kankan mú un. Ní oṣù Kọkànlá 2023, nígbà tí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ ta bọ́ọ̀lù fún Houston farapa, òun ló bọ́ síta tó ta bọ́ọ̀lù náà wọlé. Irú orí pípé bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ máa ń sọ pé àwọn ń wá lára akọ́nimọ̀ọ́gbá.

Bieniemy lọ sí UCLA ní 2024 láti darí ìkọlù fún DeShaun Foster, running back àtijọ́ bíi tirẹ̀. Ọdún kan ló lò. Ní 2025, Ben Johnson, olórí tuntun Chicago Bears, gbà á síbẹ̀ láti kọ́ àwọn running back.

Ní Chicago kan náà, oṣù díẹ̀ ṣáájú kó tó dé, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tó yẹ ní fífi ojú sí. Ní ìparí oṣù Kọkànlá 2024, Bears lé olórí wọn láàárín sáà, wọ́n sì fi Thomas Brown dí àlàfo rẹ̀ títí sáà fi parí. Running back ni Brown ní Yunifásítì Georgia. Ó ń kọ́ àwọn running back fún Los Angeles Rams nígbà tí Sean McVay, ọ̀gá rẹ̀, mú un kúrò níbẹ̀ ní 2022, ó ní kó lọ máa kọ́ àwọn tight end, ìyẹn àwọn tó ń dí ọ̀tá lọ́nà tí wọ́n sì tún ń gba bọ́ọ̀lù tí quarterback bá jù, kí ó lè mọ ètò jíju bọ́ọ̀lù dáadáa. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó ti ń darí ìkọlù ní Carolina. Eré márùn-ún ló fi jẹ́ olórí ní Chicago, ó borí ọ̀kan, wọn kò sì fún un níṣẹ́ náà títí lọ. Àmọ́ ó dé ibẹ̀ ní ẹni ọdún 38. Ẹnì kan ló ṣí i kúrò ní yàrá kan sí òmíràn. Nígbà tí ẹ bá ka ìròyìn ìgbanisíṣẹ́ ní oṣù Kìíní, kí ẹ tó wo orúkọ àwọn olórí tuntun, ẹ wo àwọn tí wọ́n ń mú bọ̀ wá sí yàrá quarterback. Láti ibẹ̀ ni àwọn olórí ọdún márùn-ún sí i ti máa jáde.